Ọjọ́ tí Settimio Nawọ́ sí Bọ́ọ̀sì

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Ẹ má bi mí. Obìnrin tó ń fọ irun, tó ń gé irun, tó ń pa irun funfun láró ní Borgolaro ni mí. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ sí mi létí, omi tí mo fi ń fọ orí wọn ló ń gbé e lọ. Mi ò rí, mi ò gbọ́, mi ò sì lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Settimio yìí, ó ṣojú mi kòró.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀ ná.

Ó tó.

Iolanda ló fà á. Opó ni Iolanda, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ọkùnrin méjì sì ń sáré tẹ̀lé e bí ẹni ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ tó ti gbéra. Èkíní ni Nazzareno, tó ní mọ́tò pupa kan tó máa ń nù láràárọ̀ níwájú ilé kọfí, tó ń nù ún jẹ́jẹ́ bí ẹni ń nu ìdí ọmọ tuntun. Èkejì ni Settimio, tí kò ní mọ́tò. Ó ní tẹ́lẹ̀ o! Ọjọ́ tó fi í kọlu ọpọ́n òkúta tí omi ń tú sí láàrin gbàgede ìlú ni wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní òun ò jẹ̀bi, ọpọ́n náà ló já wọ ojú ọ̀nà lójijì.

Ọpọ́n tó ti wà níbẹ̀ láti ẹgbẹ̀ta ọdún!

Nǹkan kan tún wà lára Settimio. Gbogbo nǹkan ni àmì burúkú lójú ẹ̀. Bí ológbò dúdú bá ré e kọjá láàárọ̀, á padà sílé, á tún bọ́ aṣọ, á tún sùn, á wá jí lẹ́ẹ̀kejì. Bí iyọ̀ bá dà sórí tábìlì, oúnjẹ ọjọ́ yẹn ti tán lójú ẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, tí gbogbo wa ń sá fún díẹ̀díẹ̀, òun ń sá fún un tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Ilé tó ń gbé gan-an, mẹ́tàdínlógún ni nọ́ńbà ẹ̀. Ó fi ọ̀dà pa á rẹ́, ó kọ “Mẹ́rìndínlógún Kejì” sí i. Ọdún mẹ́ta gbáko ni kò fi rí lẹ́tà kankan gbà.

Ṣùgbọ́n baba gbogbo ẹ̀ ni ọkọ̀ òkú. Kì í ṣe èyí tí òkú wà nínú ẹ̀ o. Ìyẹn ò ní wàhálà, ó ti rí ẹni tó ń wá. Èyí tó ṣófo ni ẹ̀rù ń bà á.

“Ó ń wá èrò nìyẹn,” Settimio máa ń wí. “Ó ń wá èrò!”

Irin ni à ń dì mú ládùúgbò wa bí a bá pàdé irú ẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí kò bá ní irin lápò, nǹkan mìíràn tó súnmọ́ àpò ni wọ́n ń dì mú, mi ò ní sọ. Settimio ní tiẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ irin kan, kọ́kọ́rọ́ ilé ẹran ìyá ìyá ẹ̀, ó gùn tó ìgbakọ. Bó bá ti rí ọkọ̀ òkú tó ṣófo, ọwọ́ méjèèjì á rì sínú àpò, á di kọ́kọ́rọ́ náà mú gírígírí. Ọlọ́run nìkan ló lè yọ ọwọ́ yẹn títí ọkọ̀ fi máa wọ kọ́nà.

Ó dáa. Ọ̀sẹ̀ yẹn, a jókòó níwájú ilé kọfí, Nazzareno ń sọ pé òun máa gbé Iolanda lọ sétí òkun.

“Etí òkun!” Settimio fò sókè. “Kí ló wà létí òkun? Iyanrìn! Iolanda, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ wo àwọn abúlé orí òkè. Mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Montecupo, Roccalvento, Castel Nibbio. Ilé ìṣọ́, odi ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́…”

“Orí ẹ̀yìn rẹ lo máa gbé mi sí?” Iolanda bi í. Settimio máa ń fi “ẹ” pè é nítorí ìfẹ́. Iolanda ń fi “o” dá a lóhùn ní tiẹ̀, torí òun ló ń bá a nu imú nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

“Bọ́ọ̀sì la máa wọ̀. Ọkọ̀ èrò! Èèyàn á jókòó bí ọba, ẹlòmíràn á máa wa ọkọ̀.”

Nazzareno rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú ẹ̀ jáde. “Settimio! Ìwọ tí o ṣìnà nínú ibi ìsìnkú níjọ́sí!”

Iolanda gbé ife kalẹ̀. Kó!

“Gbogbo yín ẹ gbọ́,” ó wí. “Settimio, bí o bá fi ọkọ̀ èrò gbé mi dé abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ọkọ̀ èrò sì gbé mi padà dé gbàgede yìí kí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù tán, ìwọ ni mo máa bá jó níjọ́ àjọ̀dún San Lorenzo, níṣojú gbogbo ìlú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa wọ mọ́tò Nazzareno lọ sétí òkun, òun náà ni mo máa bá jó.”

Settimio funfun, ó pọ́n, ó tún funfun. Láti ọdún mẹ́rin ló ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ijó kan ṣoṣo.

“Delfina á tẹ̀lé wa,” Iolanda ní, “kí àwọn èèyàn má baà sọ̀rọ̀.”

Èmi ni Delfina. Ta ló bi mí? Kò sẹ́ni tó bi mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago méje ààbọ̀ àárọ̀, Settimio dé pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó sì ti da lọ́fínńdà sára débi pé eṣinṣin ń fò gba ẹ̀yìn lọ. Ó yọ ìwé kan tó ká sí mẹ́rin lápò. Àkókò bọ́ọ̀sì ló dà kọ síbẹ̀ láti ara pátákó ibùdókọ̀, ó kọ ọ́ roboto-roboto.

“Gbogbo bọ́ọ̀sì ojú ọ̀nà yìí ló wà níbí,” ó wí, ó gbá àyà. “Kò ku ẹyọ kan!”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi gbólóhùn yẹn sápò.

A dé Montecupo. Àtẹ̀gùn igba ó lé méjìlá! Settimio gun ogún àkọ́kọ́ bí ọmọ ogún ọdún. Ìgbà tó dé àádọ́ta, mo ń gbọ́ àyà ẹ̀ láti ẹ̀yìn: fùú-pẹ̀, fùú-pẹ̀, fùú-pẹ̀. Ìyá arúgbó kan yọrí lójú fèrèsé òkè, ó wò wá látòkè délẹ̀.

“Ọmọ ta ni yín?” ó bi wá.

Àwọn ẹni àádọ́rin ọdún ni wọ́n ń bi ní ọmọ ta ni yín o! Iolanda dá a lóhùn, ó pe orúkọ bàbá ẹ̀. Ìyá náà ní, “Háà, ọ̀lẹ yẹn,” ó sì ti fèrèsé. Pàá!

“Ọdún 1200 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ yìí,” Settimio wí, kó lè yí ọ̀rọ̀ padà.

A dé Roccalvento. “Ọdún 1200 ni wọ́n kọ́ odi yìí,” Settimio wí. A wọ ṣọ́ọ̀ṣì. “Ọdún 1200 ni wọ́n—”

“Settimio,” Iolanda ní, “ṣé ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ayé ni?”

Roccalvento yìí náà la ti kọ́kọ́ bá Gualtiero, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì, ní gbólóhùn asọ̀. A dúró níbùdókọ̀, à ń retí bọ́ọ̀sì tó ń gòkè lọ sí Castel Nibbio. Settimio wá na ọwọ́ gbọọrọ, ó fẹ́ fi ilé ìṣọ́ kan han Iolanda lókèèrè. Kò mọ̀ pé bọ́ọ̀sì tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ló ń bọ̀ lọ́tùn-ún.

Kíííííí! Ó dúró. Ilẹ̀kùn ṣí: ṣíìì!

“Ẹ wọlé,” Gualtiero wí.

“A ò wọlé,” Settimio dáhùn.

“Kí lẹ nawọ́ sí?”

“Ilé ìṣọ́ ni mò ń fi hàn wọ́n. Ọdún 1200 ni—”

“Bàbá Settimio!” Gualtiero gbá ọwọ́ lé ìdarí ọkọ̀. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá nawọ́, mo máa dúró fún un. Ẹni tí kò bá nawọ́, ì báà jẹ́ ìyá tó bí mi, fìì ni mo máa kọjá! Ọwọ́ ni mo mọ̀, mi ò mọ ojú. Ẹ má nawọ́ sí mi mọ́ bí ẹ ò bá wọlé!”

Ṣíìì! Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ.

Aago méjìlá, a dé Castel Nibbio, abúlé kẹta! A jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀ sísun há láàrin, a mu wáìnì díẹ̀. Iolanda rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì. Settimio ka ẹ̀rín náà, mo rí i tó ń fi ìka kà á lábẹ́ tábìlì. Bọ́ọ̀sì aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú ló kù ká wọ̀, ká délé kí aago mẹ́ta ààbọ̀ tó lù. Aago méjì ààbọ̀ la ti wà níbùdókọ̀, lẹ́bàá odi, lábẹ́ oòrùn. Settimio ń kọrin, ó ń fi ẹsẹ̀ jó díẹ̀díẹ̀ nínú eruku, ó ń múra San Lorenzo sílẹ̀.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ òkú yọ ní kọ́nà.

Ó gùn, ó dúdú, ó ń dán bí bàtà ọ̀gá ṣọ́jà. Ó ti gbé òkú bàbá arúgbó kan dé abúlé, ó ń padà lọ.

Ó ṣófo.

Yéè! Ọwọ́ Settimio méjèèjì, gbì, wọ inú àpò! Ó di kọ́kọ́rọ́ mú, ó dijú. Ta ló sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ òkú náà gẹ́lẹ́? Gualtiero, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì wa!

Iolanda kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó ń wo dígí kékeré, ó ń kun ètè. Èmi ti bọ́ bàtà kan, mò ń gbọn òkúta inú ẹ̀ dànù.

“Bàbá Settimio, bọ́ọ̀sì!” mo kígbe.

“Mo rí i!”

“Ẹ nawọ́!”

“Mi ò lè yọ ọ́! Ọkọ̀ yẹn ò tíì wọ kọ́nà!”

Mo bá fò sókè, mo na ọwọ́ tèmi. Bàtà ló wà lọ́wọ́ mi. Gualtiero rò pé mo fẹ́ sọ ọ́ lù ú. Ó tẹ iná mọ́ ọn.

Fììììììì!

Ó tiẹ̀ juwọ́ sí wa.

Eruku rọlẹ̀. Settimio yọ ọwọ́ ọ̀tún, ó yọ ọwọ́ òsì.

“Ó ti wọ kọ́nà báyìí,” ó wí.

“Ìgbà wo ni òmíràn ń bọ̀?” Iolanda bi í, ohùn ẹ̀ tutù bí omi kànga.

Settimio tú ìwé ẹ̀. “Aago mẹ́fà ààbọ̀.”

“Kò sí òmíràn láàrin méjèèjì?”

“Kò sí nínú ìwé.”

Iolanda jókòó sórí odi. Ó ń wo ojú ọ̀run. “Wọ́n ní omi òkun máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásìkò yìí,” ó wí.

Ẹ ò rí ojú Settimio! Bí búrẹ́dì tí òjò pa.

Wákàtí méjì! A ò lè fẹsẹ̀ rìn ín, ọ̀nà náà jìn, oòrùn sì ń ta wá bí agbọ́n. Nígbà tó máa di aago mẹ́rin, ọkọ̀ òkú yẹn tún padà gòkè. Ó ṣófo síbẹ̀. Àpò! Kọ́kọ́rọ́! Ojú dídì! Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago márùn-ún lù, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀.

Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró níwájú wa. A ò nawọ́ sí i o.

Ọkùnrin kan yọrí. Irun imú ẹ̀ gé dáadáa, fìlà dúdú ẹ̀ mọ́ tónítóní. Quirino lorúkọ ẹ̀, kò tíì pé ọdún kan tó dé àgbègbè wa. Òun náà, ìyàwó ẹ̀ ti kú.

“Ẹ̀yin lẹ wà níbí láti ọ̀sán?” ó bi wá. “Fìlà mi ni mo gbàgbé sílé fádà tí mo fi padà wá. Bó bá jẹ́ Borgolaro lẹ ń lọ, ẹ wọlé, ọ̀nà mi ni.”

“Rárá!” Settimio ké láti inú àpò ẹ̀. “A ò lọ síbì kankan! Kọjá lọ, arákùnrin! Ibí yìí là ń gbé!”

“Mò ń lọ ní tèmi,” Iolanda wí. “Delfina, dìde.”

Àyè mẹ́ta ló wà níwájú. Dírẹ́bà, Iolanda, èmi. Ó tán.

Ẹ̀yìn ló kù.

“Iolanda, ẹ jọ̀ọ́,” Settimio ń bẹ̀bẹ̀. “Ó ṣófo! Ó ń wá èrò!”

“Bí ẹ bá wọ ẹ̀yìn,” Quirino bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ṣé ó ṣì ṣófo?”

À ń rí ìrònú bó ṣe ń rìn lójú Settimio, láti etí ọ̀tún dé ti òsì.

“Èyí tí èèyàn bá wà nínú ẹ̀,” ó wí díẹ̀díẹ̀, “ìyẹn ò ní wàhálà…”

“Ẹ ti rí i.”

“Ó ti rí ẹni tó ń wá…”

“Ẹ wọlé, Bàbá. Agogo mẹ́fà ò ní dúró dè yín.”

Settimio wọlé. Ẹ̀rín ń pa mí!

Ẹ̀yìn ọkọ̀ òkú ò ní àga. Irin tó ń yí ni wọ́n tò sí ilẹ̀ ẹ̀ kí pósí lè máa yọ́ wọlé, yọ́ jáde. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, a gbọ́ ọ: ṣìììì… gbà! Ó ti yọ́ lọ síwájú, orí ẹ̀ ti na ògiri. A gun òkè kékeré kan: ṣìììì… gbì! Ó ti padà sẹ́yìn, bàtà ẹ̀ ti na ilẹ̀kùn.

“Ẹ gbà mí o! Mò ń yí!”

Quirino dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń de pósí dè é ní àyà àti ní itan. Ó ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Nítorí orí tó ń dun Settimio, ó gbé òdòdó ńlá kan tó ṣẹ́kù sí i lábẹ́ orí. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára òdòdó náà, wọ́n fi wúrà kọ ọ̀rọ̀ sí i: ÀWỌN ỌMỌ Ẹ̀GBỌ́N RẸ Ò NÍ GBÀGBÉ RẸ LÁÉLÁÉ.

A gbéra.

Bí Quirino ṣe ń wa ọkọ̀ kò yàtọ̀, òkú wà níbẹ̀ o, òkú ò sí níbẹ̀ o. Rọra, rọra, rọra. Labalábá kan lé wa bá, ó kọjá wa, ó tún dúró dè wá. Àwọn tó wà lóko lẹ́bàá ọ̀nà ń ṣí fìlà. Àwọn ìyá ń fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú.

Iolanda àti Quirino ń sọ̀rọ̀ níwájú. Ní kọ́nà kejì, Iolanda bi í, “Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń se oúnjẹ?” Ní kọ́nà kẹta, “Ṣé ẹ fẹ́ràn ijó?” Ní kọ́nà kẹrin, mo gbọ́ tí Iolanda ní, “Ìwọ ọkùnrin yìí, o mọ bí a ṣe ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín o!”

Kọ́nà mẹ́rin péré, “ẹ” ti di “o”! Settimio ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún mẹ́rin kó fi ìfẹ́ pe òun ní “ìwọ,” “ìwọ” tí wọ́n fi ń nu imú ló ṣì ń gbọ́.

Kó! Kó! Kó! Wọ́n ń kan gíláàsì ẹ̀yìn. Iolanda ṣí fèrèsé kékeré tó wà láàrin.

“Kí ni?”

“Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa!” Settimio ń mí gúlegúle.

Quirino wo dígí. “Bẹ́ẹ̀ ni. Bọ́ọ̀sì aago márùn-ún ni. Ojoojúmọ́ ló ń kọjá. Dírẹ́bà ẹ̀ ò fẹ́ ṣíwájú òkú ni kò ṣe kọjá wa.”

Iolanda yíjú padà sí fèrèsé kékeré náà.

“Settimio,” Iolanda wí. “Bọ́ọ̀sì aago márùn-ún wà?”

Settimio yí ojú sí ògiri ọkọ̀.

“O ní kò sí!”

“Mi ò ní kò sí. Mo ní kò sí nínú ìwé. Mi ò kọ ọ́ ni.”

“Kí ló dé tí o ò kọ ọ́?”

Ó kùn nǹkan kan sínú òdòdó.

“Sọ ọ́ sókè!”

“Mo ní nọ́ńbà ẹ̀ ò dára!”

Ṣé ẹ rí pátákó ibùdókọ̀ wa, kì í ka aago dé méjìlá kó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń kà á lọ ràì ni títí dé mẹ́rìnlélógún. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ síbẹ̀ ni: mẹ́tàdínlógún.

Iolanda ti fèrèsé. Pàá!

Mo fi ìka há ẹnu, mo gé e jẹ. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ gba ihò etí mi jáde!

Àmọ́ Settimio ò tíì gbà. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo bọ́ọ̀sì gba gíláàsì ẹ̀yìn. Ọkọ̀ èrò! Bó bá lè wọ inú ẹ̀ kí a tó délé, bó bá fa Iolanda wọ inú ẹ̀, ó ti jó nìyẹn! Gualtiero ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó ti ṣí fìlà, ó ti pa rédíò, ó tan iná ọkọ̀ lójúmọmọ. Lẹ́yìn ẹ̀ ni katakata kan, lẹ́yìn katakata ni mọ́tò mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó fun fèrè. Ìsìnkú Settimio ti tò gùn lójú ọ̀nà, òun nìkan ni kò mọ̀.

Ó tú ọwọ́ kan jáde lábẹ́ bẹ́líìtì.

Ó nà án sókè, gbọọrọ.

Ọwọ́ ni Gualtiero mọ̀, kò mọ ojú. Kíííííí! Ó dúró. Ilẹ̀kùn ṣí: ṣíìì! Ó tiẹ̀ ti la ẹnu láti sọ pé “Ẹ wọlé.”

Ó wá rántí ẹni tó nawọ́: òkú!

Ariwo tó jáde látinú bọ́ọ̀sì yẹn, àwọn ẹyẹ tó wà ní Castel Nibbio fò kúrò lórí ilé ìṣọ́! Obìnrin kan gba fèrèsé jáde. Dírẹ́bà katakata gba oko lọ tòun ti katakata. Quirino ò gbọ́ o, ọ̀rọ̀ ijó ló ń bá Iolanda sọ. A ń lọ ní tiwa, rọra, rọra.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí aago mẹ́fà lù nígbà tí a wọ gbàgede Borgolaro.

Gbogbo ilé kọfí dìde lẹ́ẹ̀kan. Nazzareno tó ń nu mọ́tò wò wá: Iolanda níwájú, pẹ̀lú ojú pupa, èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín ṣùgbọ́n tó jọ ti ẹkún. Settimio lẹ́yìn, gbọọrọ, táì lọ́rùn, òdòdó lórí. Àárẹ̀ ti mú un, ó ti dijú.

Aṣọ ìnumọ́tò bọ́ lọ́wọ́ Nazzareno. Ó rìn wá, ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì, ó bú sẹ́kún.

“Settimio! Settimio, ọ̀rẹ́ mi! Àtẹ̀gùn Montecupo ti pa ọ́! Dárí jì mí! Ife eré bọ́ọ̀lù onígi èṣí, ìwọ lo jẹ ẹ́! Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ sún bọ́ọ̀lù tìrẹ kúrò nígbà tí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ kan! Ọlọ́run ń wò mí, ìwọ lo ni ife!”

Ojú Settimio là. Pẹ̀!

“MO MỌ̀!”

Ó já bẹ́líìtì, ó dìde jókòó. GBÌ! Orí ẹ̀ na òkè ọkọ̀.

Nazzareno fẹ̀yìn rìn ní ìgbésẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta. Ọpọ́n òkúta yẹn, tó máa ń já wọ ojú ọ̀nà lójijì, wà lẹ́yìn ẹ̀.

Jàbúúú!

Ìgbà yẹn gan-an ni agogo bẹ̀rẹ̀: gbòòǹ! Gbòòǹ!

“A ti dé!” Settimio ń ké, òdòdó sì so mọ́ ọn lẹ́yìn orí. “Agogo ò tíì lù tán! Mo jẹ ẹ́! Iolanda, èmi lẹ máa bá jó!”

“Irọ́!” Nazzareno yọrí nínú omi, ewé sì wà létí ẹ̀. “Ọkọ̀ èrò la sọ! Ṣé ọkọ̀ èrò nìyẹn?”

“Kí ló jẹ́ bí kò bá jẹ́ ọkọ̀ èrò? Ta ni kì í gbé? Olówó ń wọ̀ ọ́, tálákà ń wọ̀ ọ́, fádà ń wọ̀ ọ́! Ìwọ náà máa wọ̀ ọ́, Nazzareno! Mọ́tò tìrẹ ni kì í gbé gbogbo èèyàn!”

“Òkú ló ń gbé!”

“Èrò ọ̀run kì í ṣe èrò ni?”

Bọ́ọ̀sì sáré wọlé, Gualtiero já bọ́ sílẹ̀, ó funfun bí wàrà. Ó rí Settimio tó ń sọ̀rọ̀. Ó dúró. Ó mí kanlẹ̀.

“Bàbá Settimio,” ó wí, “ẹ̀ẹ̀kejì lónìí nìyí tí ẹ nawọ́ sí mi tí ẹ ò wọlé!”

Níbi tí ariwo ti ń lọ, Quirino rọra bi Iolanda pé níbo ni ilé ẹ̀. Ilé Iolanda kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ sí gbàgede. Ó ní ó jìn díẹ̀. Ó padà wọ iwájú ọkọ̀ òkú, ó juwọ́ sí wa bí ìyàwó gómìnà, wọ́n lọ. Rọra, rọra.

Kò sẹ́ni tó rí wọn nínú àwọn ọkùnrin méjì yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ṣì ń jiyàn níwájú ilé kọfí. Ìlú ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ọkọ̀ tí wọn ò bá nawọ́ dá dúró, kì í ṣe ọkọ̀ èrò. Àwọn kan ní ó ní ọ̀nà, ó ní dírẹ́bà, kì í sì kọ ẹnikẹ́ni. Lánàá, Iolanda wá pa irun láró lọ́dọ̀ mi.

“Delfina,” ó ní, “aṣọ wo ló máa bá mọ́tò dúdú mu níjọ́ San Lorenzo?”

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni o. Mi ò rí, mi ò gbọ́.

Ṣùgbọ́n Settimio àti Nazzareno ti fẹnu kò báyìí pé èmi ni kí n dá ẹjọ́ náà lọ́la, láago méjìlá, níṣojú gbogbo ilé kọfí, torí pé èmi nìkan ni ẹlẹ́rìí tí orí ẹ̀ pé. Èmi, obìnrin tó ń fọ irun. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, ẹ bá mi dá sí i: ọkọ̀ òkú, ṣé ọkọ̀ èrò ni?